Adágún Tí Kò Sí Lórí Ilẹ̀

                                        Ẹ̀ka Odò àti Omi Òjò,
                                        Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀,
                                        Yàrá tó kọjú sí ilé mẹkáníìkì.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Karùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi tí ìyá kan kò bí wa,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ìyàwó ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó búra pé òun kò ní kọ́ṣẹ́ káfíńtà láéláé, tí mo sì gbọ́ pé òun ló kan ilẹ̀kùn yàrá yín báyìí? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ kú ooru tó ń ṣáájú òjò. Ẹ̀yìn rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo sọ fún ọ pé kí o yéé gbé pákó bí ọmọ ogún ọdún, o ní èmi ni mo ń darúgbó. Ó dáa. Àwa méjèèjì la jọ ń darúgbó, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lò ń gbé pákó.

Àwa náà wà níbí. Ìyàwó mi kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé mò ń rìn kiri inú ilé bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, àti pé bí òun bá bi mí ní ìbéèrè, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń wò. Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí ọ́fíìsì kọ ìwé yìí, kí ó má baà máa yọjú wo ohun tí mò ń kọ.

Mo ti mú fóònù láti pè ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, mo tún gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, o sì mọ̀ mí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò dé yunifásítì. Bí mo bá fẹ́ sọ ohun tí kò dá mi lójú, mo máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Nínú ìwé, mo lè pa á rẹ́ kí n tún un kọ. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n rẹ ni, Bàbá Afárá, tí wọ́n tọ́ àwa méjèèjì. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sinmi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

O mọ iṣẹ́ tí à ń ṣe ní ẹ̀ka wa, bó o tilẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òjò ni mò ń kà gba owó oṣù. Gbogbo omi tó bá rọ̀ sórí àwọn òkè wa, inú odò kan náà ló ń ṣàn sí. Yóò gba abẹ́ afárá òkè kọjá kí ó tó dé àdúgbò ìsàlẹ̀ níbi tí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ń gbé. Bí a bá ti mọ bí omi ṣe ga tó lábẹ́ afárá òkè, a mọ ohun tí ń bọ̀ wá bá àwọn ará ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n fi ọjọ́ ayé wọn ṣe nìyẹn. Láràárọ̀, wọn a lọ wo pátákó ìwọn omi tó wà lára òpó afárá, wọn a tẹ ọ́fíìsì láago, ẹni tó bá gbé fóònù a sì kọ iye náà sílẹ̀.

Ayé ti yí. Ìjọba ìbílẹ̀ gba Ẹnjiníà kan, ọmọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó mọ̀wé dé góńgó. Ó gbé àwòrán gbogbo ilẹ̀ wa sínú kọ̀ǹpútà, ibi tó ga, ibi tó rẹlẹ̀, ibi tí wọ́n da kankéré sí àti ibi tó jẹ́ koríko. Ó kó àkọsílẹ̀ gbogbo òjò àwọn ọdún tó ti kọjá sí i, ó sì kó gbogbo iye tí Ẹ̀gbọ́n kà tì í. Ó ní bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ni: òjò ni ìbéèrè, iye tí Ẹ̀gbọ́n kà ni ìdáhùn. Bí kọ̀ǹpútà bá ti rí èyí tó pọ̀ tó, tí o bá wá fi òjò tuntun bi í, yóò dá ọ lóhùn fúnra rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, odò kan ń ṣàn níta, òmíràn ń ṣàn nínú kọ̀ǹpútà, tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Awakọ̀ ọ́fíìsì wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló sọ ọ́ ní Odò Kejì. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn tí Ẹ̀gbọ́n lọ, wọ́n kan ẹ̀rọ kan mọ́ òpó afárá kí ó máa ka omi dípò wọn. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi bàjẹ́. Wọ́n tú u wálé, orí tábìlì mi ni wọ́n gbé e sí, kò sí bátìrì nínú rẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ti là. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tan kọ̀ǹpútà, mo sì rí iye omi afárá òkè lójú rẹ̀. Iye tuntun. Mo wo ẹ̀rọ tó wà níwájú mi. Mo tún wo kọ̀ǹpútà. Ọ̀rẹ́ mi, òtútù gbá mi láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Mo pe Ẹnjiníà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, Odò Kejì ló ń sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Ó ń wo òjò, ó sì ń sọ iye tó yẹ kí omi jẹ́."

Orí mi gbà á, ara mi kò gbà á. Nítorí bí mo ṣe ń rí àwọn iye náà láràárọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn mọ̀. Ṣé o mọ bí ènìyàn ṣe ń dá ìrìn ẹni tó ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ̀ kí ó tó yọjú? Bẹ́ẹ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀, iye náà kì í mira. Yóò dúró síbi tó wà lánàá, gbọin-gbọin, bí ẹni pé ìrì lásán ló sẹ̀. Ọjọ́ kejì ni yóò wá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mò ń bi ara mi pé, ta ni mo mọ̀ tó máa ń ṣe báyìí?

Ẹnjiníà náà rí i, kì í ṣe aláìfiyèsí. Ó ní omi kì í dúró lójú ọ̀nà bí ẹni tó yà kí àna rẹ̀. Bí odò wa bá ń dúró di ọjọ́ kejì kí ó tó kún, a jẹ́ pé nǹkan kan wà lókè tó ń gbà á dúró, adágún tàbí àbàtà ńlá. Ó wo àwòrán ilẹ̀, kò rí adágún. Ó ní bóyá koríko ló bò ó. Ni ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya adágún kan sí àárín òkè méjì nínú Odò Kejì. Ó sì bá a mu! Gbogbo òjò àti gbogbo iye tí Ẹ̀gbọ́n kà, wọ́n ṣe régí. Ó pàtẹ́wọ́, àwa náà pàtẹ́wọ́. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wá wò ó, ó ní, "Adágún wa rèé o! Ẹ ò rí i, a ní ọrọ̀ nílé, a ò mọ̀."

Ó wá ku kí a lọ fojú rí i. Ọ̀sán gangan la débẹ̀, èmi, Ẹnjiníà àti Awakọ̀. Ọ̀nà mọ́tò parí, a fẹsẹ̀ rìn. Adágún náà wà lójú fóònù Ẹnjiníà, ó rí búlúù, àmì kékeré kan sì ń fi ibi tí a wà hàn. Bí a ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni àmì náà ń wọ inú omi lọ. Nígbà tó dé àárín gbùngbùn, Ẹnjiníà dúró. Ó ní, "Ibí ni."

Ilẹ̀ gbígbẹ ni, ọ̀rẹ́ mi. Ilẹ̀ líle tó ti sán, òkúta, àti koríko tó ti di pípọ́n. Kò sí ihò akàn, kò sí ẹsẹ̀ ẹyẹ omi. Omi kò dúró níbẹ̀ rí.

Awakọ̀ ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ká tiyín náà o. Níbi tí ẹ dúró sí yìí, omi ti dé ọrùn yín."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn dúró, ẹyẹ kankan kò ké, etí mi méjèèjì sì dí bí ìgbà tí ènìyàn bá mòòkùn. Mò ń rí ẹnu Awakọ̀ tó ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo wo ẹsẹ̀ mi, ó gbẹ. Síbẹ̀ òtútù ń gun orúnkún mi ọ̀tún bọ̀, ọ̀tún nìkan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Orúnkún Ẹ̀gbọ́n ni. Ìwọ náà mọ bí orúnkún náà ṣe máa ń ṣe wọ́n bí òjò bá ṣú. Bí mo bá yà kí wọn láàárọ̀ òjò kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́, inú ilé ni mo ń bá wọn, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, Ìyàwó wọn á máa fi aṣọ gbígbóná tẹ orúnkún náà. Ọ̀nà afárá òkè kò ṣeé rìn nínú ẹrẹ̀ fún ẹni tó ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sì dé ọ́fíìsì, iye wọn ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti so méjèèjì pọ̀. Iye àná ni wọ́n ń tún sọ. Bí ilẹ̀ bá gbẹ lọ́jọ́ kejì, wọn a lọ, wọn a wo pátákó, wọn a sọ òótọ́.

Adágún tó wà lójú fóònù yẹn, orúnkún Ẹ̀gbọ́n ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ènìyàn lòun ń kọ́, ó rò pé odò ni. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró kí ilẹ̀ gbẹ, ó sì sọ ọ́ di ìwà omi. Wọ́n ti wọ ilẹ̀ lọ, orúnkún wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba.

Ẹnjiníà yíjú sí mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ṣé ẹ mọ ohun tó lè fa ìdúró yìí?"

Mo ní, "Rárá o."

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ nìyẹn. Mo wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, mo sì parọ́ fún un lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ní bóyá abẹ́ ilẹ̀ ni adágún náà wà. Ó fi í sílẹ̀ nínú Odò Kejì. Ìjọba ìbílẹ̀ wá gbé ètò tuntun kalẹ̀ lé e lórí: láràárọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò máa wọlé sórí fóònù gbogbo ará ìsàlẹ̀, láti sọ bóyá odò ń bọ̀. Nítorí adágún yẹn, ètò náà gbà pé omi òjò òní, ọ̀la ni yóò dé ìsàlẹ̀. Ṣé o rí ohun tó túmọ̀ sí? Wọn yóò sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fara balẹ̀, omi yóò sì ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn.

Kí ló dé tí mo fi dákẹ́? Alága ti ní orúkọ Bàbá Afárá ni wọn yóò fi pe ilé ẹ̀rọ ìwọn omi tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀bá afárá òkè, àti pé orúkọ náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ yóò máa fi wọlé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu mi kí n sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ bọlá fún ń parọ́ fún ìjọba ní gbogbo ọjọ́ òjò? Ẹni tó rán mi lọ sílé-ìwé? Mo tún ń sọ fún ara mi pé akọ̀wé lásán ni mí, bóyá n kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ, bóyá adágún wà lábẹ́ ilẹ̀ lóòótọ́.

Mo lọ kí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Fóònù náà dún. Ó kà á sókè: "Bàbá Afárá ń kí yín. Odò kò kún. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Ó sì dá a lóhùn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ rọra gun òkè yẹn."

Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ rò pé orí mi ti dàrú, àbí? Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Èmi ni mo pa ojú wọn dé. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ níjẹta, wọn ò lọ sí afárá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n tún sọ. Ta ló sọ fún ìjọba pé ọkọ mi kì í jáde nínú òjò?"

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀dá alààyè kankan. Òun náà ti dá ìrìn yẹn mọ̀, láti orí àga rẹ̀.

Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹnjiníà. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níbi tí a dúró sí lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Ojú òkú ni mò ń wò."

Ó ní, "Òkú ò gbé ìsàlẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Kò bínú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ì bá sì sàn fún mi bó bá bínú. Ó yọ gbogbo iye ọjọ́ òjò kúrò nínú ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ́, ó ní kó tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í nígbà tó ń pa adágún náà rẹ́. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó gbẹ. Fún Alága, ohun tó sọ kò ju pé ọ̀nà afárá kò ṣeé gbà nínú òjò láyé ìgbà yẹn, nítorí náà a kò lè gbára lé iye ọjọ́ òjò. Ọ̀nà ló dá lẹ́bi, kò dá ènìyàn lẹ́bi. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n kò ní àbàwọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sára ilé ẹ̀rọ náà, Ìyàwó wọn gé rìbọ́nù, gbogbo wa ya fọ́tò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ ohun tó kù láti ṣe lọ́jọ́ náà.

Nítorí òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní kété tó bẹ̀rẹ̀ sórí àwọn òkè, Odò Kejì sọ̀rọ̀: "Bàbá Afárá ń kí yín. Òjò ti rọ̀ lókè. Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ kọjá sí òdìkejì afárá ìsàlẹ̀." Àwọn aládùúgbò kó ọmọ, wọ́n kó ẹrù, wọ́n kọjá sórí ilẹ̀ tó ga níbẹ̀. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n kò dìde. Èmi àti Awakọ̀ sáré lọ. Ó ti ti ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé ló ti dá wa lóhùn.

Ó ní, "Èyí kì í ṣe ọkọ mi. Òjò ló ń rọ̀ yìí. Ọkọ mi ò jẹ́ sọ pé òun ti rí odò nínú òjò. Ẹnìkan ti gba ipò wọn níbẹ̀, ó ń fi orúkọ wọn tàn wá."

Awakọ̀ ní, "Màmá, omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe ti mímu o!" Màmá ní kí Awakọ̀ gbé ẹnu rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Mo wá jẹ́wọ́ fún òun náà, nínú òjò, lójú fèrèsé. Mo sọ ti kọ̀ǹpútà, mo sọ ti orúnkún, mo sọ ti adágún tí a pa rẹ́. Ó gbọ́ mi jálẹ̀. Ó wá ní, "A jẹ́ pé wọ́n wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin sì lé wọn jáde."

Omi dé lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí Odò Kejì ṣe wí. Ó wọ́ wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí i láti ojú fèrèsé bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Òjò kékeré nìyẹn. Ẹnjiníà ní àwọn ńláńlá ń bọ̀ kí oṣù yìí tó parí, àti pé wọn kò ní dá ilé náà sí.

Mò ń wo Odò Kejì bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ó ń ṣe bí omi báyìí. Bí òjò bá rọ̀, ó ń gòkè. Bí ó bá dá, ó ń rẹlẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo máa ń tẹ́tí sí i, bí ènìyàn ṣe ń tẹ́tí sí yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù inú rẹ̀ lọ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì sọ fún un pé kó má bínú pé mo fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí gbogbo àwọn ọmọ, kí o kí ọ̀gá káfíńtà tuntun náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Awakọ̀ tó gbé ìwé yìí wá yóò dúró dè ọ́. Jọ̀ọ́, bá a padà wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Lọ́jọ́ ìsìnkú Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí o wà nínú yàrá tí ò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, mo rí Ìyàwó wọn tó gbé orí sókè, tó sì ti fẹ́ẹ̀ dìde kí ó tó rántí. Bí a kò bá rí ojú rẹ, ohùn wọn ni ohùn rẹ. N kò ní kí o parọ́. Má pe ara rẹ ní ẹlòmíràn. Bí òjò ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀, sáà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé rẹ̀ níbi tí fèrèsé kò ti ní fi ọ́ hàn, kí o pè é bí wọ́n ṣe ń pè é, kí o ní òjò ti dé, kó máa bọ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ti lé wọn jáde lẹ́ẹ̀kan, mo tún ń bẹ̀ ọ́ kí o pè wọ́n padà. Ṣùgbọ́n bó bá ṣílẹ̀kùn, máa rìn lọ níwájú rẹ̀, máa sọ̀rọ̀, má sì bojú wẹ̀yìn títí tí yóò fi kọjá afárá.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
                                        Akọ̀wé Òjò.